Ẹni Tó Ń Kọ́ Iṣẹ́ Ìkànnì, Kó Kọ́ Ààbò Mọ́ Ọn

Ẹ̀yin ará wa ní Becontree àti gbogbo Dagenham, bí ọmọ yín bá fẹ́ kọ́ bí a ṣe ń ṣe ìkànnì ayélujára, ilé ẹ̀kọ́ ò jìnnà. Barking & Dagenham College wà ní Rush Green. Lọ́dún 2017, Coventry University náà ṣí ẹ̀ka sí Civic Centre àtijọ́ ní Becontree Heath.

Ṣùgbọ́n ìkànnì tó rẹwà nìkan ò tó. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2015, àwọn ọ̀daràn wọ ìkànnì TalkTalk, ilé iṣẹ́ tẹlifóònù àti ayélujára, wọ́n sì rí àkọsílẹ̀ oníbàárà 156,959. Báwo? Níbi tó yẹ kéèyàn tẹ ọ̀rọ̀ lásán sí, àṣẹ ni wọ́n tẹ̀ síbẹ̀, kọ̀ǹpútà sì jẹ́ àṣẹ náà. Ohun tí wọ́n ń pè ní SQL injection nìyẹn. Wọ́n bu ìtanràn £400,000 lé ilé iṣẹ́ náà. Bẹ́ẹ̀ oògùn rẹ̀ ti wà tipẹ́: kí ẹni tó ń kọ ètò ya àṣẹ tirẹ̀ sọ́tọ̀ pátápátá kúrò lára ohunkóhun tí àlejò bá tẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ọ̀dọ́, kí ẹ tó forúkọ sílẹ̀, ẹ bèèrè bóyá wọ́n ń kọ́ni ní ààbò láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí wọn ò bá kọ́ni, ẹ wá ibòmíràn lọ.