Anagó Lọ, Paraíso Bọ̀

(Ìlù gángan. Kó rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀.)

Ará Ìpókíà tó bá gun ọ̀kadà dé Ìdí-Ìrókò, tó sọdá ibodè, tó gba Ìgóló kọjá, kò ní pẹ́ tó fi máa dé Àjàṣẹ́, ìlú tí àwọn Potogí sọ ní Porto-Novo. Mọ́ṣáláṣí ńlá kan wà níbẹ̀ tó máa ń da àlejò lójú rú. Ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n máa ń pè é. Wọn ò jẹ̀bi: láàárín 1912 sí 1935 tí wọ́n fi kọ́ ọ, àwòrán ṣọ́ọ̀ṣì Bàhíà ní Bùràsíìlì ni wọ́n tẹ̀ lé. Àwọn Àgùdà, àwọn tó ti Bùràsíìlì padà wá, ló wà nídìí ẹ̀: àwọn Mùsùlùmí àárín wọn, tó ń jẹ́ orúkọ Potogí.

Ilé Paraíso wà lára wọn. Lédè Potogí, Alùjánnà ni Paraíso. José ni baba tó ṣẹ̀ wọ́n sílẹ̀, ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú dé Bùràsíìlì, tó sì padà wá sétí òkun wa. Abubakar ló fi ń kírun.

Onígbàjámọ̀ ni ìtàn pè é. Orí ta ló sì ń fá? Orí Domingos Martins, ọ̀kan nínú àwọn tó fi òwò ẹrú là jù létí òkun yìí. Ẹ wò ó ná: oníṣòwò ẹrú jókòó, ó na ọrùn sókè, ó dijú, ẹrú pọ́n abẹ, ó gbé e lé e lọ́nà ọ̀fun. Lójoojúmọ́ o! Abẹ ò yẹ̀ rí. Ní 1864, Martins kú, José sì bọ́ sí ìdí ọba Àjàṣẹ́. Ọmọ rẹ̀, Ignacio, di olùdámọ̀ràn Ọba Toffa.

Báwo ni Mùsùlùmí ṣe wá ń jẹ́ orúkọ Potogí? Ní Bàhíà, wọ́n á ri ẹrú bọmi, wọ́n á sọ ọ́ lórúkọ. Tó bá gba òmìnira, orúkọ olówó rẹ̀ ló sábà máa ń mú. Àwọn ará Róòmù àtijọ́ ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí: Tiro, ẹrú Cicero, di Marcus Tullius Tiro lọ́jọ́ tó dòmìnira. Tullius yẹn, orúkọ ìdílé Cicero ni.

Kí ló kan Ìpókíà níbẹ̀? Anagó ni ará Ìpókíà. Ẹnu àwọn ará Dàhòmì ni orúkọ yẹn ti fẹ̀, tó bo gbogbo ọmọ Yorùbá, tó wá bá wọn wọ ọkọ̀ ojú omi. Ní Bàhíà, o lè jẹ́ Ọ̀yọ́, o lè jẹ́ Ìjẹ̀ṣà, Nagô ni akọ̀wé máa kọ sílẹ̀. Nígbà tí àwọn ẹrú Mùsùlùmí dìde ogun ní Salvador ní Bàhíà, ní ọjọ́ 25 oṣù Kìíní 1835, nínú oṣù ààwẹ̀, Nagô ló pọ̀ jù nínú wọn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìjọba lé àwọn kan padà wá sílé; àwọn mìíràn san owó ọkọ̀ fúnra wọn.

Ẹ jẹ́ ká padà sí mọ́ṣáláṣí wa. Gbọ́nmi-si, omi-ò-to bẹ́ sílẹ̀ lórí ẹ̀. Àgùdà ní ti àwọn ni, Yorùbá tí ò dé Bùràsíìlì rí ní irọ́ ni. Ta ni yóò ṣe lémọ́ọ̀mù? Ẹjọ́ yẹn gùn ju... ẹ̀yin ará, wọ́n ti ń na ọwọ́ sí aago. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

(Ìlù gòkè.)