Ẹ Má Tíì Fọwọ́ Kan Súkúrúù: Ọ̀rọ̀ Lórí Ẹ̀rọ Ìgégi

(Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú wa sọ níbi àpéjọ ọdọọdún ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́)

  Nígbà tí akọ̀wé sọ fún mi pé èmi ló kàn láti sọ̀rọ̀, mo ní kí ni mo fẹ́ sọ níwájú dókítà, lọ́yà àti ọ̀gá báǹkì? Ó ní iṣẹ́ ọwọ́ mi ni kí n sọ. Iṣẹ́ ọwọ́ mi, ẹ mọ̀ ọ́n: ẹ̀rọ ìgégi ni mò ń tún ṣe, ó sì ti lé lógún ọdún.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ àwọn onígẹdú nìkan ni. Ẹni tó ní oko kòkó wà nínú gbọ̀ngàn yìí, ẹni tó ń kọ́lé wà, ẹni tó gbin tíìkì sílẹ̀ de ọjọ́ ogbó náà wà. Lọ́jọ́ kan ẹ ó ránṣẹ́ pe ọmọkùnrin kan pé kó wá bá yín gé igi tó fẹ́ wó lu ilé. Bí ẹ̀rọ rẹ̀ bá ṣe rí ni iṣẹ́ náà á ṣe rí, àti iye tí yóò gbà lọ́wọ́ yín. Ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ láti gé igi, ti ìjọba ìpínlẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe tèmi lónìí.

Ohun tí mo wá sọ kò pọ̀. Bí ẹ̀rọ kò bá gégi dáadáa mọ́, ohun tí àwọn ọmọ wa kọ́kọ́ máa ń ṣe ni pé wọ́n á mú súkúrúdíráfà, wọ́n á kọjú sí kábúrétọ̀. Wọ́n á yí súkúrúù títí ẹ̀rọ á fi máa ké bí ẹ̀fọn létí ẹni. Wọ́n á ní, "Ẹ gbọ́ ọ bí? Ó ti ń fò!" Kò ní pẹ́, písítìnì á lẹ̀ mọ́ sílíńdà, ariwo á tán. Bẹ́ẹ̀, nínú ẹ̀rọ mẹ́wàá tí wọ́n bá gbé wá bá mi pé kò lágbára mọ́, èyí tí àìsàn rẹ̀ wà ní súkúrúù kò tó nǹkan. Eyín ló kú lẹ́nu ọ̀pọ̀ wọn.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi eyín. Lọ́dún 1946, ọkùnrin kan wà ní ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà, Joseph Cox lorúkọ rẹ̀, agégi lòun náà. Ó dúró wo ìdin kòkòrò kan tó ń jẹ igi. Ó rí i pé ìdin yìí kì í gún igi bí abẹ́rẹ́. Ó ń ha igi lápá ọ̀tún, ó tún ń ha á lápá òsì, ó sì ń tẹ̀ síwájú. Cox lọ ṣe ṣéènì tó fara jọ ẹnu kòkòrò náà, ó dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ní 1947, irú ṣéènì yẹn náà sì ni ayé ń lò dòní. Ìdí tí mo fi sọ ìtàn yìí ni pé ọ̀pọ̀ rò pé eyín ṣéènì dà bí eyín ayùn káfíńtà. Rárá o. Ìfági ni. Ó ń fá igi ni, òkè kékeré tó wà níwájú eyín kọ̀ọ̀kan ló sì ń sọ bí ohun tí yóò fá ṣe máa nípọn tó.

Báwo la ṣe ń mọ̀ pé eyín ti kú? Ẹ wo ohun tó ń jáde nígbà tí wọ́n bá ń gé igi ní ìdábùú. Bí ó bá dà bí gààrí tí asẹ́ kò tíì kàn, ó dára. Bí ó bá dà bí èlùbọ́, eyín ti kú nìyẹn, bí agégi bá sì ń fi àyà ti ẹ̀rọ wọ inú igi, ara rẹ̀ ló ń pa. Igi wa kì í ṣe ọ̀rẹ́ eyín. Tíìkì ní ohun tó dà bí yanrìn nínú. Ẹ̀kì le bí irin. Ìrókò ńkọ́? Ìrókò mìíràn máa ń ní òkúta nínú, òkúta gidi tó dà bí ẹfun, igi fúnra rẹ̀ ló ń ṣe é sínú ara rẹ̀. Bí ṣéènì bá kan án lẹ́ẹ̀kan, ó di ọ̀rọ̀ fáìlì.

Fáìlì ọ̀hún náà ní ìwọ̀n. Ṣéènì 3/8 tó wà lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ńlá, fáìlì roboto 5.2 tàbí 5.5 mìlímítà ló ń lò, gẹ́gẹ́ bí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é bá ṣe kọ ọ́ sí páálí. Ṣéènì .404, 5.5 ni. Ẹ tì í síwájú, ẹ gbé e sókè, ẹ tún tì í síwájú; ẹ má fà á padà lórí eyín, ó ń ba fáìlì jẹ́. Eyín ọ̀tún àti tòsì gbọ́dọ̀ gùn bákan náà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ á máa gé wọ́, agégi á sì máa bú báà. Bí a bá ń gé igi ní ìdábùú, 30 dígírì ni a ń pọ́n ọn sí. Ṣùgbọ́n bí a bá ń la igi lóròó láti fi ṣe pákó, 10 dígírì ló yẹ ẹ́. Èyí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi etí sí: púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wa tó ń la pákó nínú igbó ń fi ṣéènì onídígírì 30 là á láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ẹ̀rọ á máa gbọ̀n, ojú pákó á rí gbàgọgbàgọ, epo á máa jó. Wọ́n á ní ẹ̀rọ ò lágbára.

Òkè kékeré iwájú eyín yẹn, ó gbọ́dọ̀ fi nǹkan bí 0.65 mìlímítà rẹlẹ̀ ju eyín lọ fún ṣéènì 3/8. Irin kékeré kan wà tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, kò wọ́n. Ojú lásán làwọn kan fi ń wọ̀n ọ́n ní tiwọn, wọ́n á fi fáìlì pẹlẹbẹ rẹ́ ẹ wálẹ̀ kó lè "bù jẹ." Yóò bù jẹ lóòótọ́. Yóò tún ta padà sójú ẹni tó mú un lọ́wọ́. Ibi orí báà lápá òkè ni ìtapadà yìí ti ń wá, kì í sì í fún èèyàn láyè láti pe orúkọ Jésù.

Mo fẹ́ yára kọjá lórí báà: ẹ máa yí i, kí ìsàlẹ̀ di òkè, kó lè jẹ ní dọ́gbadọ́gba, ẹ máa ha ẹ̀gbin inú ihò ọ́ìlì rẹ̀. Ọ́ìlì kọ́ńdẹ́ḿ tí wọ́n ń bu lọ́dọ̀ mẹkáníìkì mọ́tò, mo mọ̀ pé ọ̀fẹ́ ni tàbí kó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀fẹ́, ṣùgbọ́n èérún irin wà nínú rẹ̀, ó sì ń ṣàn jù. Irin kékeré eléyín tó ń fa ṣéènì náà, bí ṣéènì méjì bá ti gbó lórí rẹ̀, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá fi ṣéènì tuntun sórí ògbólógbòó, owó ló jù sígbó.

Lẹ́yìn eyín, ẹ wá wo èémí. Ẹ yọ fílítà afẹ́fẹ́, ẹ gbé e sójú oòrùn. Bí ìmọ́lẹ̀ kò bá là á kọjá, báwo lẹ̀rọ ṣe fẹ́ mí? Eruku tó bá sì kọjá ibẹ̀ wọlé, ara písítìnì ló ń lọ. Ẹ wo ìdí sàlẹ́ńsà, bóyá èédú ti dí i. Ẹ tú pulọ́ọ̀gì: bí ó bá pupa rẹ́súrẹ́sú bí awọ ẹran tí a sè, ara rẹ̀ yá, bí ó bá dúdú tó tutù, epo tàbí ọ́ìlì pọ̀ jù, tàbí fílítà dí, bí ó bá funfun, ẹ̀rù ni kó bà yín. Àlàfo ẹnu pulọ́ọ̀gì, 0.5 mìlímítà ni fún ọ̀pọ̀ wọn.

Epo wá ńkọ́? Ẹ̀rọ yìí kò ní ibì kan tó ń tọ́jú ọ́ìlì pamọ́ sí bíi ti mọ́tò. Ọ́ìlì tí ẹ bá pò mọ́ bẹntiróòlù nìkan ló ń mu. Bí ọ́ìlì náà bá jẹ́ ojúlówó tí ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ fọwọ́ sí, 50 sí 1 ni: lítà márùn-ún bẹntiróòlù, 100 mìlílítà ọ́ìlì. Bí ó bá jẹ́ ọ́ìlì ẹ̀rọ onísítíróòkì-méjì tí kò tó bẹ́ẹ̀, 25 sí 1, ìyẹn 200 mìlílítà sí lítà márùn-ún. Ìdérí ìgò kì í ṣe òṣùwọ̀n. Àwọn mìíràn á ní, "Ọ̀gá, mo kúkú dà á sí i dáadáa kó má baà jó." Ọ́ìlì tó pọ̀ jù ń gba àyè epo, ó sì ń di èédú sínú sàlẹ́ńsà. Bẹntiróòlù náà kò ṣeé fọkàn tán nígbà gbogbo. Ẹ rántí oṣù kejì ọdún 2022, nígbà tí epo tí methanol pọ̀ jù nínú rẹ̀ wọ ìlú, tí ìjọba ní kí wọ́n kó o kúrò lọ́jà. Irú epo bẹ́ẹ̀ máa ń mú kí rọ́bà pẹlẹbẹ inú kábúrétọ̀ le gan-an tàbí kó wú. Bí rọ́bà yẹn bá ti bàjẹ́, ẹ yí súkúrúù títí ilẹ̀ á fi ṣú, ẹ̀rọ ò ní gbọ́.

Tí gbogbo èyí bá ti dára, ó wá ku súkúrúù. Mẹ́ta ni wọ́n. Èyí tí wọ́n kọ L sí ń bu epo fún ẹ̀rọ nígbà tí kò tíì sáré, H ń bu fún un nígbà eré, ẹ̀kẹta ń sọ bí yóò ṣe máa sáré tó tí a kò bá fọwọ́ tẹ nǹkan. Yíyí L tàbí H sọ́wọ́ ọ̀tún ń dín epo kù, sọ́wọ́ òsì ń fi kún un. Ẹ rọra yí L àti H wọlé títí wọ́n á fi kanlẹ̀, ẹ má fi agbára ṣe é, kí ẹ tó yí kálukú jáde ní ìyípo kan. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ti ń bẹ̀rẹ̀, bí ìwé rẹ̀ kò bá sọ nǹkan mìíràn. Ẹ jẹ́ kó gbóná. Ẹ wá lo etí.

Tí a bá tẹ̀ ẹ́ délẹ̀ lófuurufú, láìjẹ́ pé ó wọ igi, ohùn tó dára kì í dùn jù. Ó máa ń kó díẹ̀, bí ẹni tí ọ̀fun ń há, gbọ̀-gbọ̀-gbọ̀-gbọ̀. Bí ó bá ti wọ inú igi, ohùn náà á dán, á di ọ̀kan ṣoṣo. Kíkó yẹn, epo díẹ̀ tó lé ni. Òun ló ń tu písítìnì lára. Ohùn tó tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń dùn mọ́ àwọn ọmọ yẹn, ohùn ebi ni. Ẹ ṣọ́ra, àwọn ẹ̀rọ tuntun mìíràn ní ohun tó ń dá iná dúró bí eré bá ti pọ̀ jù, ìyẹn náà máa ń kó, ó lè tan etí jẹ. Àwọn mìíràn, bíi M-Tronic ti Stihl àti AutoTune ti Husqvarna, kò ní súkúrúù L àti H rárá. Kọ̀ǹpútà ló ń ṣe é. Ṣùgbọ́n 070 tí ọ̀pọ̀ yín mọ̀, èyí tí ìkún sílíńdà rẹ̀ lé ní 100 cc, àti àwòkọ rẹ̀ tí àwọn ará Ṣáínà ń ṣe, etí èèyàn ló ṣì ń tún un ṣe.

Ọmọkùnrin kan gbé ẹ̀rọ rẹ̀ wá bá mi. Owó àjọ ọdún méjì ló fi rà á. Ẹnìkan ti bá a lu ihò sí sàlẹ́ńsà kó lè lágbára sí i. Kì í ṣe irọ́ pé èyí ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ tó bá mí síta dáadáa á lágbára. Àmọ́ bí èémí bá pọ̀ sí i, epo gbọ́dọ̀ pọ̀ sí i, ẹni yẹn sì fi súkúrúù H sílẹ̀ bó ṣe wà. Mo tú sàlẹ́ńsà, mo tan tọ́ọ̀ṣì wo ojú písítìnì. Apá ibi tí èéfín ń gbà jáde ti há yánnayànna. Ibẹ̀ ni àìtó epo ti máa ń há a. Bí ó bá jẹ́ apá ibi tí epo ń gbà wọlé ni, eruku ni à bá bi. "Ọ̀gá, ẹ bá mi fi ríìngì sí i." Ríìngì kọ́, ọmọ mi, písítìnì àti sílíńdà ni. Oṣù mẹ́rin ló fi padà sí rírù pákó lórí fún ẹlòmíràn kó tó rówó rà á.

Súkúrúù kẹta yẹn, ẹ má fojú kékeré wò ó. Bí agégi bá ti fọwọ́ kúrò, ṣéènì gbọ́dọ̀ dúró jẹ́ẹ́. Ẹ̀rọ tí ṣéènì rẹ̀ ń yí nígbà tí a kò tẹ nǹkan, ẹ má jẹ́ kó wọ ọgbà yín. Mo mọ ẹni tó yọ̀ nídìí igi pẹ̀lú irú rẹ̀, itan rẹ̀ ló gbà á. Ẹ tún bi í pé bíréèkì ṣéènì rẹ̀ ńkọ́. Ọ̀pọ̀ ń tú u dànù pé ó ń dí àwọn lọ́wọ́.

Láti 29 oṣù karùn-ún 2023 tí ìrànwọ́ orí epo ti lọ, tí lítà kan fo láti ìsàlẹ̀ igba náírà kọjá 480 láàárín ọjọ́ díẹ̀, ẹni tí ṣéènì rẹ̀ kú ń fi èrè rẹ̀ jóná ni. Ìdí nìyí tí mo fi ní ẹ̀bẹ̀ kan. Lọ́dún 2011, ìjọba àpapọ̀ ní kí àwọn ọmọ girama àgbà máa kọ́ iṣẹ́ ọwọ́. Ilé iṣẹ́ irin ilé-ìwé wa ṣì dúró lẹ́yìn yàrá sáyẹ́ǹsì, àga fífọ́ ló kún inú rẹ̀. Fáìsì kan, fáìlì méjìlá, irin ìwọ̀n mẹ́fà, sípánà pulọ́ọ̀gì mẹ́rin. Ẹgbẹ́ wa lè rà á láìṣe ìkójọ owó ńlá. Èmi á máa wá ní ọjọ́ Sátidé méjì lóṣù, n kò ní gba kọ́bọ̀.

Mo gbé ẹ̀rọ méjì wá, wọ́n wà lábẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìn gbọ̀ngàn. Ọ̀kan ń kó, ọ̀kan ń ké bí ẹ̀fọn. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ìyàtọ̀ ohùn wọn kó tẹ̀ lé mi kí wọ́n tó pín oúnjẹ.