Àyẹ̀wò Ẹ̀jẹ̀ Ọmọ Tuntun àti Orúkọ Àbíkú

(Àsọyé tí a sọ fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní Apọ́ngbọ̀n, Èkó)



Àdúgbò tí a péjọ sí yìí jẹ́rìí pé àwọn baba wa kì í gbàgbé ohun tí ojú wọn rí. Nígbà tí Èkó bọ́ sí ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní 1861, William McCoskry ni ó kọ́kọ́ ṣe adelé gómìnà. Irùngbọ̀n rẹ̀ pọ́n, wọ́n sì ń pè é ní Apọ́ngbọ̀n, orúkọ náà sì mọ́ ilẹ̀ yìí lára títí di òní. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni wọ́n ṣe sí ìbànújẹ́ ilé wọn. Málọmọ́, Kòkúmọ́, Dúrójayé, Bánjókòó, Dúróoríìkẹ́: kí ni orúkọ wọ̀nyí bí kò ṣe àkọsílẹ̀ ikú ọmọdé, tí àwọn tí kò mọ̀wé kọ sí ara àwọn ọmọ tí ó kù? Wọ́n rí i pé ikú náà a máa padà wá sí ilé kan náà, sọ́dọ̀ ìyá kan náà, wọ́n sì pè é ní àbíkú. Ohun tí wọ́n rí kì í ṣe irọ́. Okùnfà rẹ̀ ni ó pamọ́ fún wọn.

A kò wí pé àrùn kan ṣoṣo ni ó pa gbogbo ọmọ tí a pè ní àbíkú. Ibà pa nínú wọn, ìgbẹ́ gbuuru sì pa nínú wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà tí ó jọ ìtàn àbíkú ju àwọn yòókù lọ, nítorí pé inú ẹbí ni ó ń gbé. Òun ni èyí tí Yorùbá ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde.

Ní 1910 ni Dókítà James Herrick ní Chicago tẹ ìròyìn jáde nípa ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti erékùṣù Grenada, tí sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tẹ̀ bí dòjé tí a ń kà nípa rẹ̀ nínú Bíbélì. Irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ a máa há sínú iṣan, a dí ọ̀nà, a sì di ìrora nínú eegun. Ní 1949, Linus Pauling àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé inú èròjà pupa tí ń gbé afẹ́fẹ́ kiri ara ni àbùkù náà wà. Àjogúnbá ni: ìpín kan láti ọ̀dọ̀ baba, ìpín kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Ẹni tí ó jẹ́ AS kò ní àrùn náà. Ṣùgbọ́n bí AS bá fẹ́ AS, oyún kọ̀ọ̀kan ni a ń ṣẹ́ kèké tirẹ̀, ọ̀nà kan nínú mẹ́rin sì ni pé kí ọmọ náà jẹ́ SS. Kì í ṣe pé bí a bá ti bí ọ̀kan, àwọn mẹ́ta tí ó tẹ̀lé e ti bọ́. Nígbà mìíràn gbogbo ọmọ a bọ́. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ọmọ mẹ́ta a tẹ̀lé ara wọn nínú ìyà kan náà. Ẹ wò ó bí èyí ti jọ ohun tí àwọn ìyá wa ń sọ nípa ọmọ kan ṣoṣo tí ń lọ tí ń bọ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe pè é ní ègún. Ní 1954, Anthony Allison fi hàn láti inú iṣẹ́ tí ó ṣe ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà pé ibà ẹ̀fọn kì í tètè pa àwọn tí ó jẹ́ AS. Nítorí náà ni irú ẹ̀jẹ̀ yìí fi pọ̀ ní ilẹ̀ tí ibà ti ń jà: asà tí ó gba baba lọ́wọ́ ibà, bí ó bá di méjì lára ọmọ, a di idà. Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ ní 2006 pé nǹkan bí 150,000 ọmọ ni a ń bí pẹ̀lú àrùn náà lọ́dọọdún ní Nàìjíríà nìkan.

Ewu rẹ̀ ni pé ó ń fara pamọ́. Ní oṣù díẹ̀ àkọ́kọ́, irú ẹ̀jẹ̀ tí ọmọ ní nínú oyún ṣì ń dáàbò bò ó. Ó sanra, ó ń rẹ́rìn-ín, gbogbo ilé ń yọ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ yẹn bá ti ń tán lọ, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ a wú, ara a gbóná, kòkòrò àrùn a wọ inú ẹ̀jẹ̀, ọmọ sì lè kú kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Ní 1986, Dókítà Marilyn Gaston àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi hàn pé pẹnisílìn tí a ń fún ọmọ ní ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ dín irú àkóràn bẹ́ẹ̀ kù ní ìdá 84 nínú 100. Ṣùgbọ́n ta ni yóò fún ọmọ ní oògùn àrùn tí kò mọ̀ pé ó wà lára rẹ̀? Àìtètè mólè, olè ń mólóko.

Ẹni tí ó mú ọ̀rọ̀ yìí ní ọ̀kúnkúndùn ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Kwaku Ohene-Frempong, ọmọ Ghana, tí ó kàwé ní Yale, tí ó sì di oníṣègùn ọmọdé ní Philadelphia. Ọmọkùnrin tirẹ̀ ní àrùn náà. Kì í ṣe inú ìwé nìkan ni ó ti mọ̀ ọ́n. Ó lè jókòó jẹ́ẹ́ sí Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n ó yíjú sí ilé, àyẹ̀wò ọmọ tuntun sì bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ ìdarí rẹ̀ ní Kumasi ní 1995. Wọn a gún gìgísẹ̀ ọmọ, wọn a kán ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sí orí bébà, wọn a yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ọmọ bá ní àrùn náà, wọn a wá ìyá rẹ̀ rí kí ìrora tó wá ọmọ náà rí. Ọ̀jọ̀gbọ́n náà dolóògbé ní 2022.

Ní ilẹ̀ tiwa, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olu Akinyanju dá Sickle Cell Foundation Nigeria sílẹ̀ ní 1994, ilé rẹ̀ sì wà ní Ìdí-Àràbà níhìn-ín ní Èkó. Ọ̀jọ̀gbọ́n Obiageli Nnodu ti Yunifásítì Abuja àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2020 pé a lè ṣe àyẹ̀wò náà níbi tí ìyá ti ń gbé ọmọ wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, pẹ̀lú irinṣẹ́ kékeré tí kì í pẹ́ fèsì.

Ní England, ẹ̀jẹ̀ gìgísẹ̀ kan náà ni wọ́n fi ń wá fòníkú-fọ̀ladìde àti cystic fibrosis, àrùn àjogúnbá tí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ fi ń dí ẹ̀dọ̀fóró, tí ó wọ́pọ̀ láàárín àwọn òyìnbó. Ó wá ṣẹlẹ̀ pé ọmọ Yorùbá tí a bí ní Peckham, a ó yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Àbúrò rẹ̀ tí a bí ní Ìsàlẹ̀ Èkó, bóyá ni.

Kí ni ó kù? Àṣà ni ó kù. Ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, a kì í so ọkọ àti ìyàwó pọ̀ kí wọ́n tó mú ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wọn wá. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé yẹn kò lè ṣe ohunkóhun fún ọmọ tí a ti bí. A fi ìmọ̀ ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ìgbéyàwó. Ẹnu ọ̀nà ìbí, níbi tí ìmọ̀ náà ti lè gba ẹ̀mí là, kò ní olùṣọ́.

Àwọn kan wí pé àyẹ̀wò yóò tú àṣírí ilé, a ó sì tìtorí rẹ̀ lé ìyàwó. Ẹ̀rù náà kì í ṣe asán, nítorí pé ìyá ni a máa ń di ẹ̀bi àbíkú rù. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí ẹ̀yin Olóyè sọ ọ́ fún àwọn ènìyàn yín pé ìdajì ni ti baba: ọkọ tí yóò lé ìyàwó nítorí SS, kí ó kọ́kọ́ lé ara rẹ̀. Ìwé àyẹ̀wò náà, ọwọ́ ìyá àti baba nìkan ni kí ó wà.

Ohun tí a ń bẹ̀ yín fún kò tóbi. Kí ó tó di ọjọ́ kẹjọ, kí olórí ẹbí tí yóò gbé oyin, iyọ̀, obì àti orógbó kalẹ̀ pe baba ọmọ sí kọ̀rọ̀, kí ó bi í bóyá a ti yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ wò. Kí àlùfáà bi í kí ó tó ṣe ìrìbọmi. Kí ìmáàmù náà bi í. Bí ìbéèrè yìí bá di ara ìsọmọlórúkọ wa, a ó lè fi ẹnu kan béèrè lọ́wọ́ Ìjọba pé kí irinṣẹ́ náà wà ní gbogbo ibi tí a ti ń gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ní ìlú yìí, nítorí pé ohun tí ará ìlú kò bá béèrè, Ìjọba kì í sáré pèsè rẹ̀.

Àwọn baba wa fi orúkọ bẹ ọmọ pé kí ó dúró. Ẹ jẹ́ kí àwa náà fi ìmọ̀ dá a dúró. Kí Olódùmarè dá àwọn ọmọ wa sí fún wa.