Géèmù Ọ̀fẹ́ Tí Kò Sí Níbòmíràn

Géèmù ọ̀fẹ́ tí kò sí níbòmíràn ló ń mú kí èèyàn san àsansílẹ̀ lórí ẹ̀rọ géèmù. Ẹ wo ilé-iṣẹ́ Nintendo. Ní 2018, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbowó lórí fífi Switch, ẹ̀rọ géèmù wọn, bá ẹlòmíràn gbá géèmù lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ohun tó jẹ́ ọ̀fẹ́ tẹ́lẹ̀. Ní oṣù kejì 2019, géèmù Tetris 99 dé, lọ́fẹ̀ẹ́ fún àwọn tó san àsansílẹ̀ náà. Èèyàn 99 á jọ máa to búlọ́ọ̀kù. Ìlà tí o bá pa rẹ́ á di pàǹtí lórí ẹlòmíràn, títí á fi ku ẹnì kan ṣoṣo. Ẹni tí kò sanwó kò lè wọlé.

Ẹnìkan lè ní, ọ̀fẹ́ wo ló wà nínú ohun tí a sanwó fún? Ó tọ̀nà. Ènì ni, bíi ti ìyá aláta. Ènì ló ń mú oníbàárà padà. Àmọ́ bí gbogbo ìsọ̀ bá ń fún wa ní irú ènì kan náà, kò ní fa ẹnikẹ́ni mọ́ra. Mo tún un sọ: ọ̀fẹ́ nìkan kò tó, àfi kó má sí níbòmíràn. Ewu rẹ̀ ni pé ilé-iṣẹ́ lè gbà á padà: Pac-Man 99, irú ènì bẹ́ẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Nintendo, dé ní 2021, ó kógbá sílé ní 2023.