Ilé Ìṣìnà ti Arkville



Àwọn ará Gíríkì àtijọ́ a máa pa ìtàn Minos, ọba erékùṣù Kírétè, tí ó ní ẹ̀dá burúkú kan láti fi pamọ́: ara ènìyàn, orí akọ màlúù. Minotaur ni orúkọ rẹ̀. Daedalus, ọ̀gá oníṣẹ́ ọnà, bá a kọ́ ilé kan tí ọ̀nà inú rẹ̀ lọ́ kọ́lọkọ̀lọ, tí ẹni tí ó wọ̀ ọ́ kì í mọ ọ̀nà àbájáde mọ́.

Ní 1900, Arthur Evans, ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bẹ̀rẹ̀ sí í walẹ̀ ní Knossos ní Kírétè. Ó bá ààfin ńlá tí yàrá rẹ̀ pọ̀ jántìrẹrẹ, àwòrán akọ màlúù sì wà lára ògiri. Òjò ń ba àwókù náà jẹ́, nítorí náà Evans ní láti ṣe nǹkan sí i. Ṣùgbọ́n ó ṣe é kọjá ààlà: ó fi kọnkéré gbé òpó àti òrùlé dìde, ó sì kùn wọ́n ní ọ̀dà. Títí di òní ni àwọn awalẹ̀pìtàn ń jiyàn pé èwo ni ti àwọn ará àtijọ́, èwo sì ni ti Evans.

Michael Ayrton, oníṣẹ́ ọnà ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gba ọ̀nà mìíràn. Ó kọ ìwé ìtàn kan lórí Daedalus, The Maze Maker, tí ó jáde ní 1967. Ọlọ́rọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, Armand Erpf, wá bẹ̀ ẹ́ kí ó kọ́ irú ilé náà sórí ilẹ̀ òun ní Arkville, láàrin àwọn òkè Catskill ní ìpínlẹ̀ New York. Wọ́n parí rẹ̀ ní 1969. Bíríkì àti òkúta ni ògiri rẹ̀. Ó ga ju ènìyàn lọ, kò sì ní òrùlé. Ẹni tí ó bá rìn ín títí yóò kan Minotaur tí a fi idẹ ṣe nínú yàrá kan. Nínú yàrá kejì ni Daedalus wà pẹ̀lú Icarus ọmọ rẹ̀, ẹni tí oòrùn yọ́ ìda ìyẹ́ rẹ̀ tí ó fi já sínú òkun.

Ẹ kíyè sí i: Ayrton kò fi bíríkì kan kún Knossos. Ìtàn ni ó yá, kò yá òkúta. Bí iṣẹ́ tirẹ̀ bá wó lọ́la, ti Kírétè kò bà jẹ́.

Ẹni tí ó bá fẹ́ràn àwókù àwọn baba, kí ó gbé e ró kí ó má wó. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ bá ń yún un láti kọ́lé, kí ó wá ilẹ̀ mìíràn.