Ọrun Gígùn àti Ọrun Olórí-títẹ̀: Èwo Ni Ó Bá Apá Tafàtafà Mu?

Àwọn àgbà a máa wí pé, ọsán já, ọrun dọ̀pá. Ọ̀rọ̀ náà fi hàn pé ọrun kì í ṣe igi lásán. Agbára tí ó wà láàrin igi àti ọsán ni ó sọ ọ́ di ọrun. Ṣùgbọ́n ohun kẹta wà tí òwe náà kò dárúkọ, èyí ni apá ẹni tí yóò fà á. Apá yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbàgbé nígbà tí wọ́n bá fẹ́ ra ọrun fún ìgbà àkọ́kọ́.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Amẹ́ríkà, àwọn kan wà tí wọ́n ṣì ń ta ọfà bí ti àtijọ́, láìlo ẹ̀rọ tàbí ohun ìfojúsùn kankan. Àríyànjiyàn tí kì í tán láàrin wọn ni èyí: ṣé ọrun gígùn ni ó dára jù ni, tàbí ọrun olórí-títẹ̀? Ọrun gígùn ni èyí tí apá rẹ̀ méjèèjì rọra tẹ̀ bí oṣù tuntun nígbà tí ọsán bá wà lára rẹ̀. Ti olórí-títẹ̀ yàtọ̀: ṣóńṣó rẹ̀ méjèèjì yí padà síwájú, kúrò lọ́dọ̀ ẹni tí ó ń ta á, ọsán a sì sùn lé e lára díẹ̀.

Ìrísí méjèèjì ní ìdí. Àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi ọrun gígùn jà ní Crécy ní ọdún 1346 àti ní Agincourt ní ọdún 1415, orí ilẹ̀ ni wọ́n dúró sí. Kò sí ohun tí ó ní kí ọrun wọn má ga ju ènìyàn lọ. Igi yew ni wọ́n sì fi ṣe é, nítorí pé àárín igi náà kò kọ ìfúnpọ̀, funfun ẹ̀yìn rẹ̀ kò sì kọ ìfàgùn. Àwọn Tọ́kì àti àwọn Mòǹgólíà ní tiwọn, orí ẹṣin ni wọ́n ti ń ta ọfà. Ọrun gígùn yóò máa kọ́ ẹṣin lẹ́sẹ̀. Nítorí náà ni wọ́n ṣe lẹ ìwo àti iṣan ẹran mọ́ igi, tí wọ́n sì tẹ orí rẹ̀ síwájú, kí ọrun kúkurú lè gba agbára púpọ̀ sínú. Nítorí náà, kò sí èyí tí ó jẹ́ ọ̀gá èkejì nínú wọn. Olúkúlùkù bá ìlò àwọn tí ó ni ín mu.

Lóde òní, igi àti fáíbà-gíláàsì tí a lẹ̀ pọ̀ ni a fi ń ṣe ọ̀pọ̀ nínú méjèèjì, ṣùgbọ́n ìwà wọn kò kúrò lára wọn. Bí líle wọn bá dọ́gba, ti olórí-títẹ̀ a máa sáà yára ju ti gígùn lọ. Ó tún kúrú, ó sì rọrùn láti gbé láàrin igbó. Ọrun gígùn, ní tirẹ̀, fúyẹ́ lọ́wọ́, kì í pariwo púpọ̀ bí ọfà bá kúrò lára rẹ̀, kì í sì í tètè lọ́ bí ìka tafàtafà kò bá fi ọsán sílẹ̀ dáadáa. Àbùkù rẹ̀ ni pé ó máa ń gbọn ọwọ́ tí ó dì í mú ju ti èkejì lọ.

Àwọn ará Amẹ́ríkà méjì kan jẹ́ ẹ̀rí pé ọ̀nà méjèèjì ló dé ọjà. Howard Hill, tí ó gbé ayé láti ọdún 1899 sí 1975, kò fi ọrun gígùn sílẹ̀. Òun ni ó ta púpọ̀ nínú àwọn ọfà tí a rí nínú sinimá Robin Hood ti ọdún 1938. Fred Bear, tí ó kú ní ọdún 1988, ọrun olórí-títẹ̀ ni ó fi ṣọdẹ, tí ó sì tà fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn. Ọrun ọwọ́ wọn ni àwọn tí ó fẹ́ràn wọn ń wò. Ọdún tí wọ́n fi kọ́ apá wọn ni wọn kì í rí.

Ohun tí ó léwu nínú ọ̀ràn yìí nìyẹn. Ọkọ̀ ogun Ọba Henry Kẹjọ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Mary Rose rì nítòsí Portsmouth ní ọdún 1545. Nígbà tí àwọn onímọ̀ yọ ọ́ jáde lábẹ́ omi ní ọdún 1982, odindi ọrun gígùn tí a kó jọ láti inú rẹ̀ jẹ́ 137. Àwọn tí ó wádìí wọn gbà pé púpọ̀ nínú wọn ń béèrè ju pọ́n-ùn 100 lọ, ìyẹn ni kílò 45, kí a tó lè fà wọ́n dé òpin. Ayé ìgbà náà ni òfin ń pàṣẹ pé kí baba fún ọmọkùnrin tí ó ti pé ọdún 7 ní ọrun, kí ó sì máa kọ́ ọ. Síbẹ̀, nínú egungun àwọn tí ó bá ọkọ̀ náà rì, a rí ọ̀pọ̀ tí egungun èjìká wọn kò so pọ̀ bí ó ti yẹ. Àwọn onímọ̀ rò pé ọrun líle tí wọ́n ń fà láti kékeré ni ó ṣeé ṣe kí ó fà á. Bí ó bá ṣe èyí fún ẹni tí ó ti kékeré kọ́ ọ, kí ni yóò ṣe fún àgbàlagbà tí ó jókòó nídìí tábìlì ní gbogbo ọ̀sẹ̀, tí ó wá lọ ra ọrun pọ́n-ùn 60 nítorí pé ó wù ú lójú? Apá rẹ̀ yóò máa gbọ̀n, kò ní lè fa ọsán dé ẹ̀rẹ̀kẹ́, yóò sì máa yára jọ̀wọ́ ọfà kí ó tó fojú sùn ún. Ìwà yìí ṣòro láti fi sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ a gbé ọrun kọ́ ògiri kí ọdún tó yí po.

Nítorí náà, ìwọ̀n líle ni kí ènìyàn kọ́kọ́ yàn, kí ó tó yan ìrísí. Pọ́n-ùn 25 sí 30 tó fún àgbàlagbà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ti ọmọdé gbọ́dọ̀ rọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nọ́ńbà tí a kọ sí ara ọrun sábà máa ń jẹ́ ti ìgbà tí a bá fà á dé íǹṣì 28. Ẹni tí apá rẹ̀ gùn ju èyí lọ yóò rí i pé ọrun náà le ju ohun tí a kọ lọ, ní bí i pọ́n-ùn méjì sí mẹ́ta fún íǹṣì kọ̀ọ̀kan. Ti ẹni tí apá rẹ̀ kúrú yóò sì rọ̀ níwọ̀n bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá lè fa ọrun rẹ̀, tí ó sì dá a dúró ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ fún ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan láìgbọ̀n, ti rí ọrun tirẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, kí ó mọ ojú tí ó ń darí rẹ̀. Kí ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, kí ó fi wọ́n ṣe ihò kékeré, kí ó fi ojú méjèèjì wo ohun kan gba inú rẹ̀, kí ó sì di ojú kan. Bí ohun náà kò bá kúrò nínú ihò, ojú tí ó ṣí sílẹ̀ ni ó ń darí. Bí ó bá jẹ́ ti ọ̀tún, ọwọ́ òsì ni yóò di ọrun mú, ọwọ́ ọ̀tún ni yóò sì fa ọsán. Kí ó tún ra ọfà tí ó bá ọrun náà mu, nítorí pé gbogbo ọfà ni ó máa ń tẹ̀ díẹ̀ bí ó ti ń yí ara ọrun kọjá. Èyí tí ó le jù tàbí tí ó rọ̀ jù yóò ya sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, àṣìṣe náà kò sì ní jẹ́ ti tafàtafà.

Ní ti ìrísí, ẹni tí kò tíì mọ ibi tí agbára òun yóò dé yóò jàǹfààní lára ọrun olórí-títẹ̀ tí ó ṣeé tú sí mẹ́ta. Bí apá rẹ̀ bá ti ń le sí i, apá ọrun nìkan ni yóò pààrọ̀. Ibi ìdìmú kò ní yí padà. Ẹni tí apá rẹ̀ ti gbó, tí ó sì fẹ́ ohun fúyẹ́ tí kì í pariwo, kí ó mú ọrun gígùn. Kò ní kábàámọ̀. Èyíkéyìí tí ó wù kí ó jẹ́, kí ó má ṣe fa ọsán kí ó sì jọ̀wọ́ rẹ̀ láìsí ọfà lára rẹ̀, nítorí pé agbára tí ọfà kò gbé lọ, ọrun ni yóò gbà á, ó sì lè fọ́ lójú ẹsẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ pé igi nìkan ni a fi ṣe é, kí ó tú ọsán rẹ̀ nígbà tí ó bá ṣe tán, kí igi lè sinmi.

Kí ó tó náwó rárá, kí ó lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ń ta ọfà, kí ó yá oríṣi méjèèjì lò ní ọjọ́ bí i mélòó kan. Ẹnu lè yìn ọrun, ojú sì lè fẹ́ ẹ. Apá ni kí ó dájọ́.