Ewé àti Ọ̀rọ̀ Rẹ̀: Ẹ̀kọ́ Láti Inú Ìṣègùn Ìbílẹ̀ Ilẹ̀ Ṣáínà

Mo júbà Olódùmarè, mo júbà Ọ̀rúnmìlà, mo júbà olúwo mi tí ó kọ́ mi ní ewé kí ó tó kọ́ mi ní ọ̀rọ̀. Ọmọdé ni mo jẹ́ láàárín yín. Ìbéèrè ni mo gbé wá, n kò gbé àṣẹ wá.

Àwọn baba wa ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí á rin ìrìn àjò dé ilẹ̀ Ṣáínà lónìí. Púpọ̀ nínú wa ti lo oògùn ibà tí a fi artemisinin ṣe, nítorí láti ọdún 2005 ni ìjọba Nàìjíríà ti fi irú oògùn bẹ́ẹ̀ ṣe àkọ́kọ́ nínú ìtọ́jú ibà. Inú ewé kan tí àwọn ará Ṣáínà ń pè ní qinghao ni ó ti jáde. Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, olùkọ́ wa kan sọ fún wa pé ewé náà ni ó ṣiṣẹ́, pé ọ̀rọ̀ tí àwọn àgbà Ṣáínà sọ lórí ìṣègùn wọn kò já mọ́ nǹkan kan. Lálẹ́ ọjọ́ náà, oorun kò kùn mí. Bí tiwọn kò bá já mọ́ nǹkan, kí ni kí n pe èyí tí mo kọ́ lẹ́sẹ̀ olúwo mi? Mo bá lọ ka ìtàn wọn.

Ìwé tí ìṣègùn wọn dúró lé ni Huangdi Neijing, tí wọ́n ti ṣàkójọ rẹ̀ láti nǹkan bí 2,000 ọdún sẹ́yìn. Nínú rẹ̀ ni wọ́n ti ṣàlàyé yin àti yang. Ẹ̀gbẹ́ òkè tí òjìji bò ni yin nípilẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ tí oòrùn ń ràn sí ni yang. Òkè kan náà ni, bí oòrùn bá sì ti ń yí ni òjìji ń yí. Wọ́n tún ka nǹkan márùn-ún tí ń tọ ara wọn lẹ́yìn: igi, iná, ilẹ̀, irin àti omi. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìgbà tirẹ̀ nínú ọdún, ìtọ́wò tirẹ̀ àti ẹ̀yà ara tirẹ̀. Ẹ̀dọ̀ ń bá igi rìn, ó ń bá ìgbà ìrúwé rìn, ó ń bá ìbínú rìn. Ohun tí ń lọ tí ń bọ̀ láàárín gbogbo wọn ni qi, tí a lè fi wé èémí àti agbára pọ̀. Bí ìrìn rẹ̀ bá dí tàbí tí ó bá dínkù, àìsàn dé.

Ní ọdún 1917, dókítà kan tí ń jẹ́ Yu Yunxiu, ẹni tí ó kọ́ ìṣègùn òyìnbó ní ilẹ̀ Jàpáàn, kọ ìwé láti fi ta ko Neijing. Ó ní ẹ̀dọ̀ tí a rí nígbà tí a bá la òkú wò kò jọ ẹ̀dọ̀ tí ìwé náà ń sọ. Ìmọ̀ràn rẹ̀ ni pé kí wọ́n mú ewé, kí wọ́n ju tíọ́rì nù. Ní ọdún 1929, ìgbìmọ̀ ìlera ìjọba fọwọ́ sí àbá tirẹ̀ láti mú ìṣègùn ìbílẹ̀ kúrò nílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹta ọdún náà, àwọn oníṣègùn péjọ sí Shanghai, wọ́n yan aṣojú, wọ́n sì rán wọn lọ bá ìjọba ní Nanjing. Àbá náà kò fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìpéjọpọ̀ kò dáhùn ìbéèrè Yu. Ẹni tí ó ti gbìyànjú láti dáhùn rẹ̀ ni Yun Tieqiao, olóòtú ìwé ìròyìn lítíréṣọ̀ kan, tí àìsàn pa àwọn ọmọ rẹ̀ kí ó tó yí sí ìṣègùn. Nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1922, ó ṣàlàyé pé ẹ̀yà ara tí Neijing ń sọ kì í ṣe ẹran ara tí à ń fi ọ̀bẹ là. Ìgbà mẹ́rin inú ọdún ni ó ń ṣojú fún nínú ara ènìyàn. "Ẹ̀dọ̀" jẹ́ orúkọ fún bí ara ṣe ń hù bí ewéko ìgbà ìrúwé. Yun kò sì ti ìlẹ̀kùn mọ́ ìmọ̀ òyìnbó. Ó ní kí wọ́n gba ohun tí ó dára níbẹ̀. Lójú tèmi, iṣẹ́ tí à ń pè ní sísọ tíọ́rì dọ̀tun nìyẹn: kí onímọ̀ sọ gbangba ohun tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń tọ́ka sí àti ohun tí kò tọ́ka sí.

Lẹ́yìn náà ni ìjọba gba iṣẹ́ náà ṣe. Ní ọdún 1955 wọ́n dá ilé ìwádìí ìṣègùn ìbílẹ̀ sílẹ̀ ní Beijing. Ní ọdún 1956 wọ́n dá kọ́lẹ́ẹ̀jì mẹ́rin sílẹ̀, ní Beijing, Shanghai, Guangzhou àti Chengdu. Wọ́n kọ ìwé ẹ̀kọ́ kan náà fún gbogbo akẹ́kọ̀ọ́. Èyí gba ìṣègùn náà lọ́wọ́ ìparun. Àmọ́ ohun tí kò wọ inú ìwé ẹ̀kọ́ dẹni ẹ̀yìn: ọ̀rọ̀ ẹ̀mí, àti ọ̀pọ̀ ọgbọ́n tí ìdílé kan mọ̀ tí ìdílé kejì kò mọ̀.

Ilé ìwádìí Beijing yìí ni Tu Youyou ti ṣiṣẹ́. Ní ọdún 1969 wọ́n fi í ṣe olórí àwọn tí ń wá oògùn ibà. Qinghao tí wọ́n dán wò ń ṣiṣẹ́ lónìí, kò ṣiṣẹ́ lọ́la. Ó padà sí ìwé Ge Hong, tí a kọ ní nǹkan bí 1,600 ọdún sẹ́yìn. Ìwé náà ní kí a rẹ ewé náà sínú omi, kí a fún oje rẹ̀, kí a mu ún. Kò ní kí a sè é. Tu rò pé ó lè jẹ́ iná ni ó ń ba agbára rẹ̀ jẹ́, ó sì fi ether, tí ń hó nínú ooru kékeré, fa oje náà jáde. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1971, oje náà pa gbogbo kòkòrò ibà inú àwọn eku tí wọ́n dán an wò lára wọn. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́kọ́ mu ún kí wọ́n tó fún aláìsàn. Ó gba Ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2015.

Ẹ jẹ́ kí á sọ òótọ́. Yin àti yang kọ́ ni ó tọ́ ọ sọ́nà níbẹ̀; ọ̀nà ìpoògùn ni. Olùkọ́ mi sọ ìdajì òótọ́. Ìdajì tí ó kù ni pé bí kò bá sí àwọn tí wọ́n ka ọ̀rọ̀ náà sí ohun iyì láti ìran dé ìran, ìwé Ge Hong ì bá ti di oúnjẹ ikán.

Iyì nìkan kò sì tó. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1990 sí iwájú, kíndìnrín àwọn obìnrin tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún bàjẹ́ ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù lẹ́yìn tí wọ́n lo oògùn ìsanra. Gbòǹgbò kan, Stephania tetrandra, ni ó yẹ kí ó wà nínú rẹ̀. Aristolochia fangchi ni wọ́n fi sí i. Fangji ni orúkọ àwọn méjèèjì lẹ́nu àwọn ará Ṣáínà. Májèlé inú ìdílé Aristolochia kì í yára hàn. Ó lè gba ọ̀pọ̀ ọdún. Ìdí nìyẹn tí tíọ́rì àtijọ́ kò fi rí i, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti ń lo irú gbòǹgbò bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Ní ọdún 2003, ìjọba Ṣáínà yọ guan mu tong, tí ó jẹ́ ọ̀kan nínú ìdílé yìí, kúrò nínú oògùn tí òfin gbà.

Mo ní ìtàn kan tí ojú ń tì mí láti sọ. Ní ọdún kẹta tí mo ń kọ́ṣẹ́, olúwo mi rán mi lọ já ewé kan. Ìlú ìyá mi ni mo ti já a, níbi tí wọ́n ti ń fi orúkọ yẹn pe ewé mìíràn. Mo gún un, mo gbé e dé. Bàbá bù ú, wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n dà á nù. Wọ́n ní, "Orúkọ ni o já wá, o ò já ewé." Aláìsàn tí a fẹ́ fún wà ní ìloro, ó ń dúró.

Ní ọdún 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí àkójọ orúkọ àrùn tuntun, tí ó ní orí kan fún ìṣègùn ìbílẹ̀ tí ó ti ilẹ̀ Ṣáínà ṣẹ̀. Inú àwọn kan dùn. Àwọn onímọ̀ kan bínú. Kíkọ orúkọ sínú ìwé ńlá kò fi hàn pé oògùn ń ṣiṣẹ́. Ó kàn ń jẹ́ kí á lè kà, kí á lè wádìí.

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀bẹ̀ mi kò ju ọ̀kan lọ. Lọ́dọọdún tí a bá péjọ báyìí, ẹ jẹ́ kí á mú ewé kan ṣoṣo. Kí á kọ orúkọ rẹ̀ ní ìlú kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, kí onímọ̀ ewéko sọ èwo ni, kí awo sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, kí á sì bi í pé: ṣé ẹran ara ni ọ̀rọ̀ yìí ń sọ ni, tàbí ìwà? Kí ẹni tí ewé náà ti ṣe níbi rí náà sọ tirẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe pa á lẹ́nu mọ́. Bí àwa fúnra wa kò bá bi ọ̀rọ̀ wa léèrè, àlejò yóò mú ewé lọ, yóò fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún wa bí èèpo.